Àpótí Tó Ń Dún Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ Nínú Pálọ̀ Bàbá Wa

"Màmá, kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yaoundé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù mìíràn gbọ́ ọ." Ọmọ mi ọkùnrin, Wàsíù, ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Nígbà yẹn mo ti di aṣọ méjì sínú báàgì, mo sì ti fi oògùn ikọ́, òróró àgbọn àti tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Sàídá, tó ń kàwé ní Yaoundé, ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé òun ti jẹun, pé ara òun le. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ohùn rẹ̀ mo gbọ́ nǹkan kan tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá kún àyà ènìyàn. Ìgbà mẹ́fà ni mo gbọ́ ọ, ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dún. Wàsíù fi ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù tirẹ̀, ó gbé e sí mi létí, ohùn Sàídá sì mọ́ gaara. Fóònù mi ló bàjẹ́, àyà ọmọ mi kò ṣe nǹkan kan. Mo tú báàgì. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, nítorí pé mo ti gbọ́ irú ìkìlọ̀ yẹn rí. Inú pálọ̀ bàbá wa ní Bépanda, àdúgbò wa ní Douala, ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ọdún tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ kó kúrò ní Douala pátápátá nítorí sípíkà kan.

Ojúlé mẹ́fà ló wà nínú ọgbà wa, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo sì ni gbogbo wa ń lò. Ìró garawa tí àwọn obìnrin ń tò sí ìdí ẹ̀rọ omi ló máa ń jí mi láàárọ̀, kí ìró ìgbálẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí àwọn alùpùpù akérò tí a ń pè ní bẹ́ńsíkìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í han lójú títì. Bí òjò bá dé, òun nìkan ni a ó máa gbọ́ lórí páànù, a ó sì máa pariwo sí ara wa bí ẹni ń jà. Ará Ìwó ni bàbá wa, ó ń ta aṣọ ní ọjà Mboppi. Ìyá wa ń ṣe ọ̀ọ̀lẹ̀ láràárọ̀ fún àwọn aládùúgbò, èmi ni mo sì ń fọ ewé. Iṣẹ́ mi kejì ni kí n máa nu pálọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà kò sí. Nínú pálọ̀ yẹn, ohùn mẹ́ta péré ni bàbá wa gbà láàyè: kíké Kùránì, wáàsí, àti ohùn ìyá tó bí i. Orin kò gbọ́dọ̀ wọlé. Lójúlé tó dojú kọ tiwa, Maman Régine, obìnrin tó ń yan ẹja tà, máa ń fi orin makossa síta láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ìlù ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa lù wá láyà bí a bá ń kọjá. Bàbá wa a dìde, a pa fèrèsé dé. Ìyá wa a ní, "Ooru ń pa àwọn ọmọ o." Bàbá a ní, "Ooru kò ní kí ẹnikẹ́ni máa jó."

Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ àwọn ohùn yìí tóbi. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé ni bàbá wa ti rà á. Sípíkà méjì ló bá a wá, àwọn àpótí igi dúdú tó ga dé àyà mi, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti kú kí n tó gbọ́n, a sì ti sọ ọ́ di ibi tí a ń gbé ìgò òdòdó lé. Inú èyí tó kù ni Ìyá Ìwó, ìyá tó bí bàbá wa, ti ń bá wa sọ̀rọ̀. Ìyá Ìwó kò mọ̀wé. Ọmọ aládùúgbò kan ló máa ń bá a tẹ ẹ̀rọ níbẹ̀, òun a sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì títí tí yóò fi kún, oníṣòwò tó bá ń bọ̀ ní Douala a bá a mú un wá. Bí a bá gbọ́ tán, bàbá wa a gba èsì tiwa lé orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kan náà a sì padà sí Ìwó. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló ń lọ tó ń bọ̀. Àwa ọmọ kì í jókòó gbọ́ ọ. Bí ohùn rẹ̀ bá ti jáde, èmi a kúnlẹ̀ níwájú àpótí, Ràfíù ẹ̀gbọ́n mi a dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Sìkírá ńkọ́?" ni yóò wí, a ó sì gbọ́ tó dákẹ́ díẹ̀ de ìdáhùn. Èmi a ní, "Mo wà, Ìyá. Ẹ kú ilé." Lọ́jọ́ kan Maman Régine yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí wa bẹ́ẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Hé! Vous saluez la caisse?" pé ṣé àpótí ni à ń kí ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tí abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ ẹja fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò rí Ìyá Ìwó rí. Ohùn ni mo mọ̀ sí ìyá bàbá mi, ohùn tó nípọn, tó wà nísàlẹ̀ gan-an bí ti ọkùnrin.

Kásẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn dé nígbà òjò. Ọjọ́ Àìkú ni, a ti kírun Àsárì, a ti jẹ ẹ̀bà. Bàbá tẹ ẹ̀rọ, a kúnlẹ̀. Ìyá Ìwó ní, "Múráínà ọmọ mi," kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ó ní, "Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi," kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bàbá wa pa ẹ̀rọ, ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni.

"Ìyá Ràfíù, ṣé o gbọ́? Àyà ìyá mi nìyẹn."

Ìyá wa gbé ife tó wà lórí àpótí kúrò, ó ká aṣọ tó fi bò ó. Ó ní, "Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò." Ó ṣì ń dún. Ó fi ìka tẹ igi àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sún un kúrò lára ògiri. Ó ṣì ń dún.

Ràfíù, tí ó wà ní ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, gbé orí sókè láti orí ìdọ̀bálẹ̀. "Bàbá, bóyá àpótí ni."

Bàbá wa kì í ṣe ènìyàn tó ń fi ìbínú dáhùn ìbéèrè. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀, ó fi ti Kùránì sí i. Ohùn alukùránì náà lọ sókè tín-ín-rín, ó mọ́. "Ṣé ẹ gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ kankan?" A ní rárá. Ó fi wáàsí sí i. Oníwàásí náà ń kígbe bí ẹni iná jó, ohùn rẹ̀ mọ́. "Èyí ńkọ́?" Rárá. Ó dá ti ìyá rẹ̀ padà, ó sì dún. "Ẹ̀rọ kan náà, àpótí kan náà. Ṣé àpótí ló yan ìyá mi láàyò ni?" Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà títí di òní, n kò sì rí ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ gbé wọ́. Bí ó ti yẹ kí ènìyàn dán nǹkan wò ló dán an wò. Ká ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti Ìyá Ìwó wà nílé, à bá fi wé tuntun, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni a ti fi ohùn wa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ìyá wa sì ní kí wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ sórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, bàbá ní òun kò ní gbé ohùn ìyá òun lọ síta kí àwọn ènìyàn máa gbọ́ bó ṣe ń jìyà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti parí. Bàbá wa fi ọ̀rọ̀ ẹnu ránṣẹ́ sí Ìwó láti ọwọ́ oníṣòwò tó ń lọ: kí ìyá rọ́jú, a ń bọ̀, gbogbo wa, bí ilé-ìwé bá ti parí sáà, a kò sì ní padà. Ó fi oògùn ránṣẹ́. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tajà ní Mboppi sọ pé kó wá gba ìsọ̀ òun. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọn abọ́ tí a kì í lò. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé wọ́n ń sọ Faransé ní Ìwó?" Ó ní, "Wọ́n ń sọ èdè rẹ." Ṣùgbọ́n Faransé ni èmi fi ń ka ìṣirò, òun ni mo fi ń bá ọ̀rẹ́ mi jà. Yorùbá mi kò ju ti ìkíni àti ti iṣẹ́ ilé lọ nígbà yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí ó jẹ́ àpótí ló bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ àpótí ló bàjẹ́, ara Ìyá Ìwó le nìyẹn, nítorí náà àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀ ni mo ń rò. N kò mọ orúkọ tí ènìyàn lè pe irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà wá láti ra ẹ̀rọ ni. Bọ̀dá Kàmọ́rù, ará Ìbàdàn, ń tún rédíò ṣe nínú ìsọ̀ páànù kan ní òpin àdúgbò wa. Kò tíì pẹ́ tó dé Douala, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ó gbọ́ pé Àlhájì, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pe bàbá wa, ń kó lọ sílé, ó sì wá wo ohun tí a kò ní lè gbé. Bàbá fi Kùránì sí i fún un. Ó ní, "Ó dáa, ó dáa. Èwo ni ohùn ìsàlẹ̀ nínú tiyín? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bí ó ṣe ń mí." Bàbá rò ó díẹ̀, ó sì fi ìyá rẹ̀ sí i. Bọ̀dá Kàmọ́rù gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú àpótí, ó di ojú.

"Ta nìyí, Àlhájì?"

"Ìyá mi ni. Àyà rẹ̀ kò dá. Torí rẹ̀ ni a ṣe ń lọ."

Bọ̀dá Kàmọ́rù ṣí ojú. Ó wo bàbá, ó wo àwọn ẹrù tí a ti dì. "Àlhájì, ẹ má bínú. Kí ẹ tó kó àwọn ọmọ wọ mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ fi ohùn ìsàlẹ̀ mìíràn dán an wò."

"Kò sí òmíràn nílé yìí."

"Ó wà lójúlé kejì." Ó fi ẹnu tọ́ka sí fèrèsé tí a pa dé. "Sìkírá, lọ bá wa tọrọ kásẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ obìnrin ẹlẹ́ja yẹn."

"Makossa?" Bàbá wa dìde dúró. "Nínú pálọ̀ tí mo ti ń kírun?"

"Ìṣẹ́jú méjì péré, Àlhájì. Ẹ fi ìka di etí yín. Tí Ọlọ́run bá bi yín, ẹ ní Kàmọ́rù ni."

Ìyá wa, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ níwájú àlejò, ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ jẹ́ kó wọlé, ká mọ ibi tí a dúró."

Bàbá wọ bàtà rẹ̀. Ó bọ́ síta, ó lọ dúró sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó kẹ̀yìn sí ilé. A gbà pé ó ti gbà nìyẹn. Mo sáré. Maman Régine kò fi kásẹ́ẹ̀tì rán mi, ó mú un wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ àti òórùn ẹja, ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Alhadji veut danser? Aujourd'hui il va pleuvoir!" Ó ní tí Àlhájì bá fẹ́ jó lónìí, òjò yóò rọ̀. Bọ̀dá Kàmọ́rù tẹ ẹ̀rọ. Ìlù àti gìtá ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, àpótí náà sì pariwo kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ju bó ṣe dún rí lọ, ó tẹ̀ lé ìlù náà ní ẹsẹẹsẹ. "Ẹ gbọ́ o!" ni Bọ̀dá Kàmọ́rù kígbe sí bàbá wa níta. "Ṣé gìtá yìí náà ń húkọ́ ni?" Maman Régine bínú nítorí akọrin rẹ̀, ó ní ìlera ọkùnrin náà pé, pé ó tóbi báyìí, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí mo yíjú, bàbá wa ti wà nínú pálọ̀. Ó tẹrí ba sí àpótí, ó gbé etí lé e níbi tí makossa ti ń jáde, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí orin náà fi parí. N kò mọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò tíì mọ yàrá tó wà.

Síkúrù mẹ́jọ ló di sípíkà náà mú. Bọ̀dá Kàmọ́rù tú wọn, èmi ni mo ń gbà wọ́n sínú ìdérí agolo. Ó fa sípíkà jáde, ó dojú rẹ̀ sókè lórí ẹní. Pépà dúdú ló wà láàárín rẹ̀, bí abọ́ tí kò jìn, fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yí etí rẹ̀ ká, èyí tó so ó mọ́ irin. Ó fi ìka kan fọwọ́ kan fóòmù náà, ó sì rún bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. "Ọ̀rinrin Douala ló jẹ ẹ́," ni ó wí. Ó ṣàlàyé fún Ràfíù pé ohùn òkè kì í ti pépà jìnnà, díẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń tì í lọ tó ń fà á bọ̀, nígbà tí kò sì sí fóòmù tó dì í mú mọ́, ó ń yẹ̀ gẹ̀rẹ́, ó ń ha irin. Kùránì ohùn òkè ni, wáàsí ohùn òkè ni. Nínú gbogbo ohun tó ń wọ pálọ̀ bàbá wa, Ìyá Ìwó nìkan ni ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bàbá wa bi í pé kí ni yóò fi dí i. Ó ní aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti gúlúù rọ́bà. Bàbá wọ yàrá, ó gé pópílínì funfun jáde lára ọjà rẹ̀. Bọ̀dá Kàmọ́rù gé e ní roboto, ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ yíká, ó fi ìka tẹ pépà wọlé, ó jẹ́ kó padà, ó gbọ́ bóyá ó ń ha, títí tí kò fi ha mọ́. Ó ní kí a má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, makossa mọ́. Bàbá wa ló ní kí a kọ́kọ́ fi í sí i, kó lè dájú. Lẹ́yìn náà ó fi Ìyá Ìwó sí i. "Múráínà ọmọ mi. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi." Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Mboppi pé òun kò fi ìsọ̀ sílẹ̀ mọ́. Mo sáré lọ sọ fún ọ̀rẹ́ mi ní Faransé pé a kò lọ. Nígbà tí mo padà dé, ìyá wa ń tú àwọn abọ́, ó ń tò wọ́n padà. Ó bi bàbá pé, "Ìyá ńkọ́, tí ẹ ti sọ fún pé a ń bọ̀?" Bàbá ní òun yóò ṣàlàyé. Ó gba gbogbo ìtàn àpótí náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń sọ ọ́, títí kan gìtá tó ń húkọ́. Ó ní kí ìyá òun bá òun dúpẹ́ pé kò ṣàìsàn.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. Àpótí náà ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ewúrẹ́ kan lẹ́yìn ilé ní Ìwó, tí a fi gbọ́ bí Ìyá Ìwó ṣe gbé itọ́ mì kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Múráínà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àpótí rẹ. Mo dúpẹ́ pé n kò ṣàìsàn." Ó dákẹ́. "Mo ti gbá yàrá méjì. Mo ti kun ògiri. Mo ra ẹní mẹ́rin, ti Sìkírá ló kéré jù. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn ọmọ mi ń bọ̀. Mo ní kí n bi ọ́, ọmọ mi: ṣé àfi kí àyà dùn mí kí ẹ tó wá wò mí ni?" Ó tún dákẹ́, bó ṣe máa ń dákẹ́ de ìdáhùn wa. Ràfíù dojú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Èmi tẹjú mọ́ àpótí. Ẹ̀rọ ń yí lọ, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, bàbá wa kò sì na ọwọ́ pa á. Kò sẹ́ni tó ní ká dìde.

Bàbá wa lọ, òun nìkan, nígbà tí ọjà dẹwọ́ lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Ó ní ara ìyá òun le, pé ó ti ra àgbàdo yíyan fún wa kó tó rántí pé òun nìkan ló dé. Ó ní gbogbo wa yóò lọ ní ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, ìyá wa lóyún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìwó kú, wọ́n ní ó sùn ni, kò jí. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì kan tó kù tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí ìdáhùn tiwa ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ, n kò sì tíì mọ èrò tí ó yẹ kí n ní nípa pópílínì funfun yẹn. Òtítọ́ ni Bọ̀dá Kàmọ́rù sọ. Bàbá wa kò ṣìṣe láti gbà á gbọ́. Èmi gan-an ni mo sáré lọ pe makossa, mo sì rí ohun tí mo fẹ́ gbà. Bí mo bá tò ó tẹ̀ léra, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ṣẹ̀. Síbẹ̀ ká ní a jẹ́ kí àpótí náà máa dún bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta péré sí i, ǹ bá ti mọ ojú ìyá bàbá mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ní òbí nílé tí ohùn rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ yín mọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró de àìsàn. Ẹ lọ wò ó nígbà tí ara rẹ̀ le. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání.